Ẹkún Ìyàwó Kan ní Rumuigbo

Odó ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sínú ọkọ̀ ní gáréèjì Ìwó Road n'Ìbàdàn, kí wọ́n tó rántí pé èèyàn ló ni odó. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Mo ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo sùn sílé ọmọ mi n'Ìbàdàn kí n lè bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń lọ sí Port Harcourt. Yàtọ̀ sí odó àti ọmọ odó, mo ní igbá ńlá tí mo fi aṣọ dì, abọ́ tánganran tí wọ́n kó sínú ara wọn, àti ẹní tí wọ́n ká, tí wọ́n fi okùn so. Agbérò wo ẹrù náà, ó wo ojú mi, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o, ṣé ẹ̀yin gan-an ni ìyàwó?"

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo ní bí mo bá jẹ́ ìyàwó, ṣé ọkọ̀ tirẹ̀ yìí ni wọn yóò fi gbé mi? Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ ó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà fún ẹrù, lórí ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì tí mo ti san fún ara mi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbé odó rìnrìn àjò.

Kí n tó sọ ti ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹrù ìyàwó ṣe dé ọwọ́ mi nígbà tí kò sí ìyàwó. Rájí ni àbúrò mi kan ṣoṣo. Télọ̀ ni, ó sì ti pẹ́ ní Port Harcourt, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Rumuigbo. Ibẹ̀ ló ti bí Bàsírá, àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ yìí ní ohùn. Fúnra rẹ̀ ló ń ronú orin rẹ̀, fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, á sì gbé e sórí ayélujára láti inú fóònù ọwọ́ rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ ọ. Lọ́dún tó kọjá ló kọ ọ̀kan, kí a tó wí kí a tó fọ̀, orin náà ti gba orí fóònù kan. Àwọn tí kò mọ ọ̀nà Rumuigbo ń jó sí i ní ìlú òyìnbó.

Ohun tó wà nínú orin náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Pijin ló fi bẹ̀rẹ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ sí i, nígbà tó dé àárín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹkún ìyàwó. Ẹkún ìyàwó gidi, èyí tí ọmọbìnrin ilẹ̀ wa máa ń sun lọ́jọ́ tó bá ń kúrò nílé bàbá rẹ̀:

Mo ń lọ o, ilé bàbá mi,
Ẹnu ọ̀nà tí mo ń gbá láràárọ̀,
Ta ni yóò bá mi gbá ọ?
Ẹran ilé tó mọ ohùn mi,
Bí ẹ bá ké, n ò ní gbọ́ mọ́.

Ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í fi ẹkún ìyàwó ṣeré. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ti mọ̀ pé ọmọ kan ń lọ sílé ọkọ, kò sì yẹ kó jókòó lásán. Bí ọmọ ẹbí kan ṣe fi orin náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí fóònù báyìí, ẹsẹ̀ ò gbèrò nílé mi. "Ìyàwó wa ń lọ, ẹ ò sì sọ fún wa!" Ìyá Àgbà, tó dàgbà jù ní agbo ilé wa, ní kí wọ́n gbé odó wá. Àwọn ìyàwó ilé kó igbá àti abọ́ jọ. Mo pe Rájí, ó ní kò sí ọkọ, kò sí ìyàwó, orin lásán ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ìyá Àgbà ní, "Ta ló ń sun ẹkún ìyàwó lásán?" Ó kọ̀, kò gba odó rẹ̀ padà.

Rájí tún sọ ọ̀rọ̀ kan tó gbé mi dìde. Ilé iṣẹ́ olórin kan l'Ékòó ti gbọ́ ohùn Bàsírá. Wọ́n fẹ́ kó wá máa gbé l'Ékòó, kó máa ṣe orin lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ Àìkú ni wọn yóò wá mú un. Bàsírá ní bí bàbá òun kò bá wúre fún òun, òun kò ní lọ. Bàbá rẹ̀ kò ní kó lọ, kò sì ní kó má lọ. Aṣọ ló ń rán. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá bá mi dá sí i," ló wí fún mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín, nínú ọkàn mi, mo ti pinnu pé ọmọ náà kò ní lọ síbì kankan. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọbìnrin tó dá nìkan wọ Èkó, n kò fọkàn sí i.

A gba Ìjẹ̀bú-Òde já sí ọ̀nà Orè. Ní Orè, gbogbo ọkọ̀ ló ń dúró jẹun, bí ebi ń pa wọ́n, bí kò pa wọ́n. Abọ́ ìrẹsì kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀, ẹran orí rẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé e mì bí oògùn. Láti ibẹ̀ dé Benin, igbó ni lọ́tùn-ún, igbó ni lósì. Ilẹ̀ ọ̀hún pupa ju tiwa lọ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan. Awakọ̀ wa, ọmọ Owerri kan tí kì í dákẹ́, ń wo odó mi nínú dígí rẹ̀ nígbà gbogbo tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò. "Mama, abeg, hold your mortar. If e fall, na my bus go born twins." Mo ní kó máa wo iwájú rẹ̀.

Nígbà tí a dé Asaba, mo dìde dúró nínú ọkọ̀, ojú ò tì mí. Odò Ọya nìyí! Ọdọọdún ni mo máa ń ya odò yìí sójú pátákó fún àwọn ọmọ ilé ìwé, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà rẹ̀ wálẹ̀ títí dé òkun, ṣùgbọ́n ojú mi kò tíì kan án níbí rí. Kò jọ ìlà rárá. Ó fẹ̀, ó dákẹ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ọkọ̀ ojú omi kéékèèké wà lórí rẹ̀. Obìnrin Ìgbò tó jókòó tì mí rọra fọwọ́ kàn mí, ó bi mí bóyá ara mi yá. Mo ní ara mi yá gan-an. N kò mọ bí mo ṣe lè fi pijin ṣàlàyé fún un pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

A kọjá Onitsha, a kọjá Owerri, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ọkọ̀ ń rìn bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀. Ní Isiokpo, oko ẹ̀gẹ́ ló wà lọ́tùn-ún lósì, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń gbé ẹ̀gẹ́ jáde títí tí ewé rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Nílé, gàrí àti láfún ni a máa ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe jù. Níbí, wọ́n á rẹ ẹ́ títí yóò fi kan, wọ́n á gún un, wọ́n á pè é ní àkpu. Òórùn rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ bá wa, kò sì sọ̀ títí a fi dé.

Òjò ló pàdé wa ní Port Harcourt. Ó ṣì kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ nígbà tí mo rí Rájí lábẹ́ agbòjò, ó ti hewú ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú omi, mo kígbe pé kó dìde. Lẹ́yìn náà ló rí ohun tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ta ló ń gbéyàwó?" Mo ní kó bi Ìyá Àgbà.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ilé wà. Onílé wọn, Mama Ovunda, ọmọ Ikwerre tó ni ilẹ̀ gan-an, jáde wá kí mi. "Nnọọ, nnọọ," ó ń wí, ìyẹn ni ẹ káàbọ̀ tiwọn. "Na you be Bàsírá big mama? That your pikin song, I no hear wetin e dey talk, but e dey make my eye run water." Bàsírá alára kúnlẹ̀ fún mi dáadáa, ó kàn jẹ́ pé bó ṣe la ẹnu, ó ní, "Màmá Ògbómọ̀ṣọ́, o káàbọ̀ o! You try gan-an. Ọ̀nà far!" Èmi, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ni ó ń pè ní "o". Mo wo Síkírá, ìyá rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má dá a lóhùn, ọmọ Port Harcourt ni." Ọmọ náà kò tilẹ̀ gbọ́. Ó ti lọ sídìí odó, ó ń fi ọmọ odó gbá a díẹ̀díẹ̀, ó tẹ́tí, ó tún gbá a. "This sound sweet o," ló ń wí. Ó gbé fóònù jáde, ó gba ohùn odó Ìyá Àgbà sínú rẹ̀ kí àwọn àgbà tó gbé e wọlé.

Ẹ̀bà ni a jẹ, pẹ̀lú ọbẹ̀ tó kún fún isam. Ìgbín inú omi ni isam, kò tóbi ju orí ìka lọ. Wọn kì í yọ ọ́ kúrò nínú ìkarahun kí wọ́n tó sè é, ìwọ lo máa gbé e sẹ́nu, tí wàá fà á mu kó tó jáde, ariwo rẹ̀ ò sì kéré. Nílé wa, ọmọ tó bá mu ọbẹ̀ báyẹn níwájú àgbà, àbàrá ló máa fi wẹnu. Mo fà á mu. Ó dùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kí n lè rí ohun tí mo wá wò. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni Rájí ń lò, ó ní iná Port Harcourt kò ṣeé gbára lé. Èéfín dúdú kan wà nílùú yìí tó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run, tí ó ń bà lórí nǹkan bí ẹ̀dú tí wọ́n lọ̀. Nítorí náà, wọ́n máa ń ta ọ̀rá bo gbogbo aṣọ oníbàárà tí wọ́n gbé kọ́, ìlà ìlà, láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri. Àárín àwọn aṣọ yìí ni Bàsírá ti ń gba orin rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní aṣọ kì í jẹ́ kí ohùn ta padà. Á wọ àárín wọn lọ, á fi orí pamọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ẹ ó máa rí nísàlẹ̀. Bàbá rẹ̀ á máa ránṣọ rẹ̀ lọ, ka-ka-ka-ka, kò ní wo ibẹ̀.

Ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ sí mi létí kí n gbọ́ orin náà bó ṣe yẹ kí èèyàn gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ wọlé, ó rọ̀, ó sún mọ́ni bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kan náà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lábẹ́ ohùn náà tó ń gbé e, tó ń lọ ka-ka-ka, tó ń dúró, tó tún ń lọ. Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó wo bàbá rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Na Daddy machine. Ó wà nínú gbogbo orin mi."

"Ṣé bàbá rẹ mọ̀?"

"He no gree listen, Màmá. Bí mo bá ti play ẹ̀, á jáde."

Ìgbà náà ni mo bi í níbi tó ti rí ẹkún ìyàwó. Ó ní ìyá bàbá òun, ìyẹn ìyá wa, ló kọ́ òun. "Na the song Grandma dey use make me sleep. Na lullaby now."

Nígbà tí wọ́n bí Bàsírá, Rájí wálé wá mú ìyá wa kó lè bá wọn tọ́jú ọmọ. Ó gbé lọ́dọ̀ wọn títí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ìyá wa kò gbọ́ pijin, kò gbọ́ Ikwerre, kò mọ ibi tí ọ̀nà gbà jáde. Nígbà tó padà wálé, kò pẹ́ mọ́ láyé. Òun tó ń fi ẹkún ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ rẹ ọmọ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún, ta ló ń rẹ òun náà lẹ́kún?

Mo ṣàlàyé fún Bàsírá pé kì í ṣe orin ọmọ. Ẹkún ni, ẹkún ẹni tó ń fi ilé sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Jesus," ọmọ Mùsùlùmí wí. "So all these people dey dance put for person wey dey cry?"

Ní ìrọ̀lẹ́, mo bá a lọ sí Mgbuoba, níbi tó ti fẹ́ kọrin fún àwọn ará ìlú rẹ̀ kó tó lọ, bí yóò bá lọ. Àgbàlá ilé oúnjẹ kan ni. Wọ́n ń ta bólè níbẹ̀. Bọ̀ọ̀lì wa náà ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, ṣùgbọ́n àwa a máa fi ẹ̀pà jẹ ẹ́, àwọn a máa fi ẹja sísun tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á da ata olóròóró lé e. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ ni wọ́n tà á fún mi. Ata náà gba omi lójú mi kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kún ibẹ̀, wọ́n gbé fóònù sókè, wọ́n ń bá a kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó dé ibi ẹkún ìyàwó, àwọn ọmọ Ikwerre, ọmọ Ìgbò, ọmọ Kalabari ń fi ẹnu Yorùbá tí kò gún ké pé, "Mo ń lọ o, ilé bàbá mi!" wọ́n sì ń fò sókè.

Bàsírá dá orin dúró. Ó fi ọwọ́ bo okùn gìtá tó gbé dání, ó sì sọ fún wọn ní pijin ohun tí mo sọ fún un láàárọ̀. Kò fi kún un, kò yọ nínú rẹ̀. Ó ní òun náà kò mọ̀, pé àṣìṣe òun ni. Ó ní òun fẹ́ tún un kọ, bó ṣe yẹ. Ó rọra kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fò. Ọmọbìnrin kan tó dúró tì mí ń sunkún. Mo fún un ní etí gèlè mi kó fi nujú. "Mama, my sister travel since, she no dey call again," ó ní. "Na this song I dey use remember am. I no know say na true e dey talk."

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti yí padà, ẹ má jẹ́ kí n pẹ́ ẹ sọ. Ẹni tó lè dúró níwájú àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, kó sọ pé òun ṣe àṣìṣe, kó sì tún un ṣe lójú wọn, Èkó kò lè tètè rí ìyẹn gbé mì. Ó kù sọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Rájí ń pa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé nígbà tí a padà. Mo ní kí Bàsírá wọlé lọ. Mo jókòó lórí àpótí, mo ní, "Rájí, èwo lò ń ṣe yìí? Ọmọ ń dúró de ìre rẹ, o lọ di ẹnu bí ìbọn tí kò ní ẹtù."

Ó fa ilẹ̀kùn náà dé, ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, kò tíì tọrọ."

"Kí ni kò tíì tọrọ?"

"Ìre. Pé ó ní òun ò ní lọ láìsí i kì í ṣe ìtọrọ. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń sun ẹkún ìyàwó sí mi létí nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Ó ń sunkún, ó ń sunkún, kò dé ibi ìtọrọ ìre rí. Bí bàbá bá lọ wúre ìrìn fún ọmọ tí kò tọrọ, kì í ṣe pé ó ń lé e jáde nìyẹn?" Ó nu ojú rẹ̀ bí ẹni tí èéfín bọ́ sí lójú. "Mo sì mọ̀ pé bí mo bá ti wú u, ó ti lọ nìyẹn. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo máa ń jáde, kó má lọ jẹ́ ọjọ́ náà ló máa tọrọ."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà n kò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ kò lè tọrọ, kò mọ̀ pé ìtọrọ wà nínú rẹ̀. Ìyá wa kò kọ apá yẹn fún un. Mo rántí pé kò kọ ọ́ fún èmi náà rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá wa ni mo ti kọ́ ọ. Ìyá wa máa ń ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni obìnrin ń tọrọ ìre ilé bàbá rẹ̀, òun sì ti tọrọ tòun. Nítorí náà, ìlàjì ẹkún ló kù sí Bàsírá lọ́wọ́. Ó ń dúró de bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ ń dúró dè é, ẹ̀rọ ìránṣọ ń ké láàárín wọn. Mo wọlé lọ bá ọmọ náà, mo sì kọ́ ọ ní ìyókù. Ìyá rẹ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ tó le di pijin fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Rájí ti wà nídìí iṣẹ́. Bàsírá jáde wá láìwọ bàtà. Mo bi í bóyá kò ní gbé fóònù rẹ̀, kó gbà á sílẹ̀. Ó ní, "No, Màmá. Èyí kì í ṣe tiwọn." Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń tẹ ẹsẹ̀ lọ. Nígbà tí ó dé ibi tí orin rẹ̀ máa ń parí sí, kò dákẹ́.

Bàbá mi, mo dé iwájú yín,
Ọ̀nà ń pè mí, n ò mọ ojú ọ̀nà.
Ẹ gbé ọwọ́ yín lé mi lórí,
Ẹ wúre fún mi kí n tó lọ.

Ẹ̀rọ dúró. Rájí kò gbé ojú sókè lójú ẹsẹ̀. Ó yọ aṣọ kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó ká a, ó gbé e sápá kan, bí ẹni tó fẹ́ parí iṣẹ́ yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ọmọ rẹ̀ lórí. "Bàsírátù," ó ní, "o ò ní ṣìnà. Ibi tí o bá dé, wọn ó mọ̀ pé o nílé. Ohùn rẹ kò ní há. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ́ jẹ kò ní rí ọ jẹ. Ọjọ́ tó bá rẹ̀ ọ́, wàá rántí ọ̀nà ilé, ilé ò sì ní tì mọ́ ọ." Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti já. Àmín ni gbogbo wa ń ṣe, Síkírá ń ṣe é pẹ̀lú ẹkún. Mama Ovunda, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, ṣe àmín tó dún ju tiwa lọ.

Lẹ́yìn náà, ọmọ náà fi ohun ìgbọ́rọ̀ sí bàbá rẹ̀ létí. Rájí tẹ́tí, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ̀rọ mi kọ́ nìyí?" Bàsírá ní òun ni. Ó gbọ́ ọ títí dópin, ó yọ ọ́, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ǹ bá ti kán òróró sí i." A rẹ́rìn-ín débi pé ará àdúgbò jáde wò wá.

Wọ́n wá mú un lọ́jọ́ Àìkú lóòótọ́, ìyá rẹ̀ bá a lọ láti rí ibi tí yóò máa sùn. Èmi náà gba ọ̀nà ilé lọ́jọ́ Ajé. Àjò kì í dùn kí onílé má rèlé. Ní Isiokpo, awakọ̀ tẹ rédíò, orin Bàsírá sì jáde. Àwọn èrò ń bá a kọ ọ́, mo bú sẹ́kún. Awakọ̀ dẹ ìrìn. "Mama, who die?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ọmọ mi ló lọ. Ó pa rédíò fún mi. Mo ní kó tàn án padà.

Nígbà tí mo délé, Ìyá Àgbà ti ń dúró dè mí lórí àga. Mo ti pèsè àlàyé gígùn sílẹ̀ nípa ayélujára àti ilé iṣẹ́ olórin. Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ. Ó ní, "Ṣé ọmọ náà tọrọ ìre?" Mo ní ó tọrọ. "Ṣé Rájí wúre?" Mo ní ó wúre. "Ìyàwó ti lọ nìyẹn," ó ní, ó sì dìde. Títí di òní, kò bi mí léèrè ọkọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni Rájí pè mí. Ó ní Bàsírá ti pe òun láti Èkó, pé yàrá rẹ̀ dára, pé Síkírá ti ń padà bọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Mo ń gbọ́ mímí rẹ̀ lórí fóònù, n kò gbọ́ ẹ̀rọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "nígbà tí mo wá mú ìyá wa kúrò nílé wá síbí, ta ló wúre fún wọn?"

Mo rántí ọjọ́ náà, bí gbogbo wa ṣe ń yọ̀ pé màmá ń lọ tọ́jú ọmọ, tí a ń di ẹrù, tí a ń pariwo pé ọkọ̀ ń lọ. Ìyá ọlọ́mọ ni, àwọn òbí rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tí yóò kúnlẹ̀ fún. Ó kàn wọ ọkọ̀ ni.

Mo ti rìn dé òkè Odò Ọya, mo sì ti padà, ohun tí mo kọ́ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí mo bá ti gbọ́ ìyá àgbàlagbà kan báyìí, tó ń dá kọrin lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, n kì í kàn kí i kú iṣẹ́ kí n kọjá mọ́. Mo máa ń dúró, mo máa ń bi í pé, "Ìyá, ilé yín dà?"